King Gillette: ọkùnrin tó fi ohun tí à ń jù nù dolówó

Kérésìmesì tó kọjá, a wà ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì, à ń tún yàrá bàbá bàbá mi ṣe kí àwọn àlejò tó dé. Ìdí àpótí tí wọ́n ń kó aṣọ òkè sí ni mo ti rí agolo kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà dì. Mo kọ́kọ́ rò pé owó àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Àṣé irin ìfárùngbọ̀n ni. Ó wúwo lọ́wọ́, ó ṣì ń dán, orí rẹ̀ sì ṣeé tú. Wọ́n kọ Gillette sí i lára, wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Lábẹ́ rẹ̀ la rí abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mẹ́wàá tó ti dípẹtà, oníkálukú nínú bébà tirẹ̀. Àwòrán ọkùnrin òyìnbó kan wà lára bébà náà, irun orí ètè rẹ̀ pọ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì.

Tísà ni bàbá àgbà. Wọn kì í jáde nílé láìfá irùngbọ̀n, kódà bó ṣe oko ìrẹsì ni wọ́n ń lọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ rí, mi ò níí ṣàlàyé fún yín.)

Èmi ní tèmi, shaving stick oníke ni mo ti ń lò láti ọjọ́ tí mo ti ń fá irùngbọ̀n. Màá lò ó lẹ́ẹ̀mejì, màá jù ú nù, ọrùn mi á sì kún fún bọ́m̀pù. Mo bá fọ irin yẹn dáadáa, mo fi omi gbígbóná pa kòkòrò ara rẹ̀, mo ra abẹ Nacet, mo po ọṣẹ títí ó fi hó, mo sì fá a bí mo ṣe máa ń rí i kí bàbá àgbà fá a. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ o. Mo ti ní mẹ́rin báyìí, ìyàwó mi sì ti ń bi mí pé àgbọ̀n mélòó ni mo ní.

Wàhálà yìí ò mọ sọ́dọ̀ mi. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn ń kó irin ìfárùngbọ̀n àtijọ́ jọ bí àwọn mìíràn ṣe ń kó sítáǹpù jọ. Àwọn tí Gillette ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1951 ní lẹ́tà kan tó dúró fún ọdún, àti nọ́ḿbà kan tó dúró fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta. A ni 1955. Ẹni tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ lọ́dún yẹn lè wá irin tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ kiri. Èmi ò tíì débẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọkùnrin ara bébà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé orúkọ kọ́ńpìnnì lásán ni Gillette. Èèyàn ni o, ìtàn rẹ̀ sì yà mí lẹ́nu ju irin náà lọ.

King Camp Gillette lorúkọ rẹ̀. King yẹn kì í ṣe oyè, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni. Ọjọ́ 5 oṣù Kínní ọdún 1855 ni wọ́n bí i ní Fond du Lac, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Chicago ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀, Fanny, wà lára àwọn tó kọ White House Cook Book, ìwé oúnjẹ sísè tó jáde ní 1887 tó sì tà wàràwàrà. Ọjà irin ni bàbá rẹ̀ ń tà. Nígbà tí King wà lọ́mọ ọdún 16, ní 1871, iná ńlá jó ìlú Chicago, ó sì jó ọjà bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọmọ náà ṣe bọ́ sígboro nìyẹn, ó di ẹni tó ń bá àwọn kọ́ńpìnnì polówó ọjà káàkiri, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú kan sí òmíràn. Iṣẹ́ tó ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún nìyẹn, kò sì sí ohun tó jọ ọrọ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ti pàdé William Painter. Ẹ mọ ìdérí tí ẹ máa ń fi ọ̀pìnà ṣí lórí ìgò míníráàlì? Painter ló ṣe é. Ó gba Gillette nímọ̀ràn pé kí òun náà wá nǹkan tí èèyàn yóò lò lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì jù ú nù, kí oníbàárà lè máa padà wá rà á. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọkùnrin wa lára. Wọ́n ní ó tilẹ̀ gba orí A dé Z kọjá, ó ń ka gbogbo nǹkan tí èèyàn ń lò, bóyá yóò rí èyí tó ṣeé jù nù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú mi lójú nìyí. Ní àsìkò yẹn gan-an, ní 1894, Gillette kọ ìwé kan tó pè ní The Human Drift. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò ló ń ba ayé jẹ́: ìfiṣòfò ni, òun ló sì ń fa òṣì. Ó ní kí gbogbo iṣẹ́ ilẹ̀ náà bọ́ sábẹ́ kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo tí gbogbo aráàlú yóò ní ìpín nínú rẹ̀. Ó ya ìlú ńlá kan sínú ìwé náà, ó pè é ní Metropolis, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Amẹ́ríkà yóò máa gbé, tí wọn yóò máa lo iná mànàmáná láti ọ̀dọ̀ omi tó ń já bọ́ ní Niagara. Ẹni tó ń wá ohun tí aráyé yóò máa jù nù, òun náà ló ń bínú sí ìfiṣòfò. Mi ò rò pé ó ń ṣe àgàbàgebè. Mo rò pé ó gba méjèèjì gbọ́.

Ọdún 1895 ni nǹkan tó ń wá yọ sí i. Ó ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé rẹ̀ ní Brookline, lẹ́bàá Boston, abẹ rẹ̀ sì kú. Abẹ ìgbà yẹn, irú èyí tó ń ká sínú èèkù rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú onígbàjámọ̀ rí yóò mọ bí irú abẹ bẹ́ẹ̀ ṣe rí: ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò, wọ́n á máa fà á lórí awọ, tó bá sì kú pátápátá, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ́n. Òótọ́ ni pé àwọn Kampfe, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní New York, ti ṣe irin ìfárùngbọ̀n tó ní ààbò ní 1880, ṣùgbọ́n abẹ tiwọn náà ń fẹ́ pípọ́n. Ohun tí Gillette rò ni pé kí abẹ fẹ́lẹ́ bíi bébà, kó mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó pọ́ọ́kú débi pé bó bá kú, èèyàn á jù ú nù, á fi òmíràn sí i. Ìyàwó rẹ̀ ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó kọ lẹ́tà sí i pé ọrọ̀ àwọn ti dé.

Ọrọ̀ ò dé o. Ó tó ọdún mẹ́fà tó fi ń bá irin jà. Irin tó bá fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fi iná le é kó lè mú, ṣe ló máa ń ká kò. Àwọn onímọ̀ tó lọ bá ní MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ, sọ fún un pé kò lè ṣeé ṣe. Ẹni tó yanjú rẹ̀ ni William Nickerson, ẹni tó kàwé jáde ní MIT kan náà, tó ṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń le irin náà tó sì ń pọ́n ọn. Ká sòótọ́, orúkọ ọkùnrin yìí ló yẹ kó wà lára irin náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bí abẹ bá gé èèyàn lára díẹ̀. Ta ló fẹ́ ra irú ìfárùngbọ̀n bẹ́ẹ̀?

Wọ́n dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní 1901. Gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kí John Joyce, olówó tó ń ṣòwò bíà ní Boston, tó gbé owó sílẹ̀. Lọ́dún 1903, irin 51 péré ni wọ́n tà, pẹ̀lú abẹ 168. Lọ́dún 1904, tí ìjọba fún Gillette níwèé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀, irin tí wọ́n tà lé ní 90,000.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe níbí. Àwọn olùkọ́ òwò fẹ́ràn láti máa sọ pé ṣe ni Gillette ń fún èèyàn ní irin lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè tabẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dọ́là márùn-ún ló ń ta irin náà, owó ńlá sì ni lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn. Ìgbà tí àṣẹ yẹn parí ní 1921, tí ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀, ni kọ́ńpìnnì náà tó ṣe èyí tó pọ́ọ́kú fún mẹ̀kúnnù.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló wá gbé e dé gbogbo ayé. Ìjọba Amẹ́ríkà ra irin mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ fún àwọn sójà, àti abẹ tó lé ní mílíọ̀nù 30. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí bábà ló ń fá irùngbọ̀n fún wọn tẹ́lẹ̀ padà sílé pẹ̀lú àṣà kí èèyàn fúnra rẹ̀ fá a láràárọ̀.

Nígbà yẹn, ojú Gillette ti di ojú tí ayé mọ̀, torí ó wà lára bébà abẹ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Joyce ti jà lórí ta ni yóò máa darí ilé-iṣẹ́. Joyce borí ní nǹkan bí 1910, orúkọ ààrẹ nìkan ló kù fún Gillette. Ó kó lọ sí California. Àlá àtijọ́ yẹn ò sì fi í sílẹ̀. Ní 1910, ó fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ Theodore Roosevelt, ẹni tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, pé kó wá darí kọ́ńpìnnì gbogbo ayé tí òun fẹ́ dá sílẹ̀. Roosevelt kọ̀. Ní 1924, ó tún gbé ìwé mìíràn jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn èèyàn ń ra abẹ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ni wọn ò kà.

Ní 1929, ọjà ìpín ìdókòwò dà wó ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Henry Gaisman, tó ń ṣe abẹ tó ń bá tiwọn díje, gbé ẹjọ́ dìde sí Gillette. Ẹjọ́ náà parí sí kí kọ́ńpìnnì méjèèjì di ọ̀kan, ìwé ìṣirò Gillette sì tú síta pé èrè tí wọ́n ń kéde kọjá èyí tí wọ́n jẹ. Ìpín kọ́ńpìnnì náà já wálẹ̀, ọrọ̀ Gillette sì bá a lọ. Bí ẹ bá mú abẹ Nacet lọ́wọ́, ẹ ó rí ihò gígùn kan láàárín rẹ̀. Ihò róbótó mẹ́ta ló wà lára abẹ àkọ́kọ́. Àsìkò ìjà yẹn ni ihò gígùn wọlé.

Ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1932 ni Gillette kú ní California, lẹ́ni ọdún 77. Kò kú ní tálákà bíi tiwa, ṣùgbọ́n ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ti ní. Kọ́ńpìnnì ń bá iṣẹ́ lọ: abẹ méjì lórí kan ní 1971, mẹ́ta ní 1998, márùn-ún ní 2006. Fún àwa tí irun wa ká, púpọ̀ yìí lè di wàhálà, torí irun tí wọ́n gé jìn jù máa ń hù padà sínú awọ, bọ́m̀pù nìyẹn. Abẹ ẹyọ kan ló ṣe ọrùn mi lóore, ṣùgbọ́n awọ ara wa ò jọra o.

Mo bi ìyá bàbá mi ìdí tí bàbá àgbà fi ń kó abẹ tó ti kú pamọ́ sínú bébà rẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé mo tún ń bèèrè. Wọ́n ní èyí tí kò mú fún irùngbọ̀n mọ́, bàbá á kó o lọ sí iléèwé láti fi gbẹ́ pẹ́ńsù àwọn ọmọ. Èyí tó bá padà dé, àwọn ni wọ́n ń fi í gé òwú nígbà tí wọ́n bá ń tú irun. Mẹ́wàá inú agolo yẹn ṣì ń dúró de iṣẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra páálí abẹ tuntun kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ó wọ orí irin bàbá àgbà wẹ́kú.