Ìtàn Isaac Newton, Ẹni tí ó fi Òfin Kan Wọn Ayé àti Òṣùpá

Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé òkò tí a bá jù sókè kò ní ṣàì padà sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Europe gbà pé òfin tí ó wà fún ohun ilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó wà fún òṣùpá àti ìràwọ̀. Ẹni tí àwa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lí oṣù yìí li ó fi hàn nínú ìṣirò pé òfin kan náà li ó ń ṣe àkóso méjèèjì.

A bí Isaac Newton ní Woolsthorpe, ìletò kan lí apá Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lí ọjọ́ 25 oṣù December, ọdún 1642, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka ọjọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Baba rẹ̀ ti kú kí a tó bí i. Ọmọ náà kéré tóbẹ́ẹ̀ tí a kò rò pé yóò yè. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá-ńlá rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Grantham. Lẹ́hìn náà ìyá rẹ̀ pè é padà wá sí ẹnu iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ọpẹ́lọpẹ́ arákùnrin ìyá rẹ̀ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a dá a padà sí ẹnu ẹ̀kọ́. Lí ọdún 1661 ó sì wọ Trinity College ní Cambridge.

Lí ọdún 1665 àjàkálẹ̀-àrùn bẹ́ sílẹ̀, a sì ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà. Newton padà sí Woolsthorpe. Nígbà ogbó rẹ̀ ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé èso ápù tí ó já bọ́ láti orí igi li ó mú òun ronú: bí agbára tí ayé fi ń fa nǹkan mọ́ra bá dé orí igi, tí ó sì dé orí òkè gíga, èéṣe tí kì yóò fi dé ọ̀dọ̀ òṣùpá? Òṣùpá jìnnà sí àárín ayé ní ìlọ́po 60 bí àwa tí ń bẹ lórí ilẹ̀ ti jìnnà sí i. Newton rò pé bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di ìdámẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, yóò di ìdámẹ́sàn-án. Nítorí náà lọ́dọ̀ òṣùpá yóò di ìdá kan nínú 3,600. Òkò tí a bá jọ̀wọ́ a máa já bọ́ tó ẹsẹ̀-bàtà 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìrònú yìí bá tọ́, òṣùpá gbọ́dọ̀ máa yà sí ìhà ayé tó ẹsẹ̀-bàtà 16 ní odindi ìṣẹ́jú kan. Newton ṣírò ó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ jáde, ó fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Lí ọdún 1684 Edmond Halley, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, tọ̀ ọ́ wá ní Cambridge, ó sì rọ̀ ọ́ kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú London, èyí tí í ṣe Royal Society, ti ná owó wọn sórí ìwé kan nípa ẹja. Nítorí náà Halley fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé Newton lí ọdún 1687. Kò rọrùn. Robert Hooke wí pé òun ni ó kọ́kọ́ mú òfin náà wá. Newton sì bínú tóbẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ dá apá kẹta ìwé náà dúró. Halley li ó fi sùúrù tù ú lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú apá kẹta yìí li ọ̀rọ̀ òṣùpá wà.

Nítorí gẹ́gẹ́ bí ayé ti ń fa òṣùpá, bẹ́ẹ̀ li òṣùpá ní agbára tirẹ̀. Nǹkan méjì li ó ń sọ bí agbára náà ti tó: bí ohun tí ó wà nínú ara òṣùpá ti pọ̀ tó, àti bí ẹni tí ó dúró lórí rẹ̀ ti jìnnà tó sí àárín rẹ̀. Ta ni yóò gbé òṣùpá ka orí òṣùwọ̀n? Newton fi kíkún àti fífà omi òkun nítòsí Bristol ṣírò rẹ̀, nítorí òṣùpá àti oòrùn li ó ń fa òkun. Nínú ìtẹ̀jáde kejì ìwé náà, lí ọdún 1713, ó wí pé ohun tí ó wà nínú òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú 40 ti ayé, àti pé agbára tí ó wà lórí òṣùpá jẹ́ bí ìdámẹ́ta ti ayé.

Iye náà kò tọ́. Ìrísí etí òkun a máa yí kíkún omi padà, kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀lé fún irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé ìdá kan nínú 81 ni. Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan, agbára òṣùpá ìbá kéré ju ti ayé lọ ní ìlọ́po 81. Ṣùgbọ́n òṣùpá kéré: láti orí ilẹ̀ rẹ̀ dé àárín rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 1,080, nígbà tí ti ayé jẹ́ nǹkan bí 3,960. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ súnmọ́ àárín ju àwa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, èyí sì sọ agbára náà di ìlọ́po 13 àti ààbọ̀. Bí a bá fi èyí pín 81, mẹ́fà ni yóò kù. Nítorí náà ẹrù tí ó jẹ́ kílò 60 lórí òṣùwọ̀n wa yóò fa òṣùwọ̀n náà bí kílò 10 péré lórí òṣùpá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun kò dín nínú rẹ̀.

A sọ Newton di alábòójútó ilé tí a ti ń rọ owó ìjọba lí ọdún 1696, ó di olórí Royal Society lí ọdún 1703, Ọbabìnrin Anne sì fi oyè dá a lọ́lá lí ọdún 1705. Ó kú ní London lí oṣù March, ọdún 1727, a sì sin ín sí Westminster Abbey. Lí ọdún 1969 ènìyàn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Lí ọdún 1971 David Scott jọ̀wọ́ òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò ti sí afẹ́fẹ́ tí yóò dí ìyẹ́ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì dé ilẹ̀ pọ̀, wọ́n sì lọ́ra ju bí òòlù ti í já bọ́ lọ́dọ̀ wa.

Òfin Newton li àwọn tí ó rán wọn lọ fi ṣírò ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lo iye tí ó kọ sílẹ̀ fún òṣùpá. Ìbá ṣe pé wọ́n lò ó, ọkọ̀ náà ìbá ṣìnà. Nítorí pé ó kọ ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba li àwọn tí ó tẹ̀lé e fi rí ibi tí iye náà ti yẹ̀, tí wọ́n sì fi òfin rẹ̀ fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ ọ̀nà ìṣirò wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn wọn.