Hubert Ogunde: Ẹni tó sọ tíátà di iṣẹ́ òòjọ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Eneka, Olóyè Hubert Ogunde ni ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí.

Ọ̀sọ̀sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí i sí ní 1916. Ó ṣe tíṣà, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Ní 1944, ó gbé eré kan kalẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tó gbájú mọ́ tíátà, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe òṣèré ní alágbe.

Ní 1964, eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, ló fi fèsì. Ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Ní 1979, ó gbé fíìmù Ayé jáde. Jáíyésinmi, Àròpin N'Tènìyàn àti Àyànmọ́ tẹ̀ lé e. Ó kú ní London ní oṣù kẹrin 1990.

Títí di òní, bí mo bá ń wo Ayé, ẹ̀rù àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ ṣì máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni àwọn ọmọ tí a bí síbí ń fi í rín, nítorí pé ọfọ̀ inú rẹ̀ kò yé wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa túmọ̀ rẹ̀. Èdè tí a kò bá sọ nílé, ará ìta kò ní bá wa fi kọ́ ọmọ.