Jan Matzeliger, adúláwọ̀ tó kọ́ irin ní iṣẹ́ ọwọ́ aránbàtà

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí aránbàtà lábẹ́ agboòrùn, tó gbé bàtà lé itan, tó ń fi abẹ́rẹ́ fa òwú. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣí ló pọ̀ jù níwájú wọn. Ṣùgbọ́n a ṣì ń rí àwọn aránbàtà tó lè fi awọ tí wọ́n rà ní Mushin ṣe bàtà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọwọ́ nìkan sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ti jókòó ti irú wọn rí ni ìtàn ọkùnrin tí a fẹ́ sọ yìí yóò tètè yé. Jan Ernst Matzeliger ni orúkọ rẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Aránbàtà ní igi kan tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Yóò kan awọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ máa tẹ̀ mọ́ abẹ́ igi yìí, yóò sì da awọ òkè bò ó. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀mú di etí awọ mú, yóò fà á títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ igi, yóò wá fi ìṣó kéékèèké dè é. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò le. Ibi orí ìka àti gìgísẹ̀ ni ogun wà, nítorí pé ibẹ̀ ni awọ ti máa ń ṣùjọ, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ po wẹ́wẹ́ kí ojú bàtà lè jọ̀lọ̀. Bí ó bá fà á jù, awọ a ya. Bí kò bá fà á tó, bàtà a rí wúruwùru, a sì máa bó ẹni tó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Ìgbà tí èyí bá parí ni rírán tó kàn. Ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń rán yí etí bàtà ká. Wọn a fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó tẹ̀ bí ìwọ̀ lu ihò, abẹ́rẹ́ méjì a sì gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, pẹ̀lú òwú tí wọ́n ti fi ìda pa. Ara ọ̀já yìí ni wọn a wá rán ìsàlẹ̀ bàtà mọ́. Ìdí nìyẹn tí irú bàtà bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́: bí ìsàlẹ̀ bá jẹ, wọn a tú u, wọn a rán òmíràn sí i, awọ òkè kò ní mọ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1852 ni wọ́n bí Matzeliger ní Paramaribo, olú ìlú Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Hóláńdì ń ṣàkóso ibẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni bàbá rẹ̀, Òyìnbó Hóláńdì ni. Adúláwọ̀ ni ìyá rẹ̀, láti ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Jan ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó fòpin sí ìfiniṣẹrú ní Suriname lọ́dún 1863. Láti nǹkan bí ọjọ́ orí yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ. Nígbà tó di ọmọ ọdún 19, ó wọ ọkọ̀ ojú omi gẹ́gẹ́ bí atukọ̀, ó sì kúrò nílé.

Ó gbé Philadelphia fún ìgbà díẹ̀. Lọ́dún 1877 ló dé Lynn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ìlú tó jẹ́ pé bàtà ni wọ́n ń jẹ, bàtà ni wọ́n ń mu. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ kò já gaara, aláwọ̀ dúdú sì tún ni. Ṣọ́ọ̀ṣì bíi mélòó kan kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì North Congregational tó gbà á mọ́ra. Níkẹyìn ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà kan, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ rán ìsàlẹ̀ bàtà.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ti wà nígbà náà tó ń rán ìsàlẹ̀ mọ́ bàtà. Èyí tó ń rán ọ̀já etí pàápàá ti jáde láàrin ọdún 1870 sí 1880, láti ọwọ́ ọmọ Charles Goodyear, bàbá tí ẹ̀ ń rí orúkọ rẹ̀ lára táyà ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni kí ó fa awọ lórí igi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá láàrin àwọn tó ń fà á kì í ju nǹkan bí 50 bàtà ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ láàrin wákàtí mẹ́wàá. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń dúró dè wọ́n. Wọ́n mọ iyì ara wọn, ẹgbẹ́ wọn lágbára, owó wọn sì jọjú. Ó dá wọn lójú pé kò sí irin tó lè ní ìka bíi ti ènìyàn.

Matzeliger kàn ń wò wọ́n ni. Ó ń wo bí ẹ̀mú ṣe ń yí lọ́wọ́ wọn àti ibi tí àtàǹpàkò wọn ń tẹ̀. Lálẹ́, yóò ka ìwé, yóò sì máa kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ àgbàdo lásán ló fi ń gbéra kí owó lè ṣẹ́kù. Àpótí sìgá onígi, wáyà àti ìṣó ló fi ṣe àwòṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ fi dọ́là 50 ra ohun tó ṣe, ó kọ̀. Ó tún òmíràn ṣe pẹ̀lú àkúfọ́ irin, wọ́n fẹ́ fún un ní 1,500 dọ́là, ó tún kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tí ebi ń pa tó lè kọ irú owó bẹ́ẹ̀? Àmọ́ kò sọ́gbọ́n tó lè dá fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn méjì tó gbé owó sílẹ̀ kó lè parí rẹ̀ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó bá ti ibẹ̀ wá.

Nígbà tó kọ̀wé sí ìjọba fún àṣẹ oní-nǹkan, àwòrán ẹ̀rọ náà díjú débi pé wọ́n rán ènìyàn wá sí Lynn láti fojú ara rẹ̀ rí i. Ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1883 ni àṣẹ náà jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni 274,207. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1885, wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò nílé iṣẹ́. Ó fa awọ bàtà 75 láìsí àbùkù. Nígbà tó yá, ó ń ṣe 150 sí 700 lóòjọ́.

Owó bàtà wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Tálákà tó ti ń tún ògbólógbòó bàtà rán látọdúnmọ́dún wá lè ra tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọwọ́ fa awọ pàdánù agbára tí wọ́n ní, inú sì bí wọn. Wọ́n sọ ẹ̀rọ náà ní orúkọ èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú. Èmi kò lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n bínú nítorí oúnjẹ wọn. Orúkọ yẹn ni mo fi ń dá wọn lẹ́bi.

Matzeliger kò jẹ adùn rẹ̀ pẹ́. Òtútù mú un lọ́dún 1886, ó di ikọ́ ẹ̀gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí oògùn rẹ̀ nígbà náà. Ebi àti àìsùn ọdún wọ̀nyẹn ti jẹ ẹ́ lára. Orí àìsàn ló ti ń ro ẹ̀rọ mìíràn, àwọn àṣẹ kan sì jáde lórúkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ló kú, kò ì pé ọmọ ọdún 37, kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Àwọn tó ní owó lọ́wọ́ ló jèrè jù. Lọ́dún 1899, wọ́n da àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ bàtà pọ̀ di United Shoe Machinery, tó jọba lórí òwò náà ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù.

Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀, ó fi ìpín tó ní nínú ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún North Congregational, ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà á. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún àwọn tó lé e. Nígbà tó yá lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbèsè wọ North Congregational lọ́rùn, ìpín tí ó fi sílẹ̀ yẹn ni wọ́n tà láti fi san án.