Teslim Balógun, Ààrá tó di olùkọ́

Bí a bá dárúkọ Teslim Balógun létí ọmọ Nàìjíríà, pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó ló kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn. Ohun kejì ni ìnagijẹ rẹ̀, Thunder, nítorí pé bọ́ọ̀lù tó bá ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde a máa lọ bí ìgbà tí ààrá bá sán. Ní Ìlá Ọ̀ràngún tí mo ti wá, mo ṣì bá àwọn bàbá tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pa ìtàn, wọ́n ní àwọ̀n kì í gbà á dúró. Ìtàn yẹn dùn, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Èyí tí n kì í gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ọkùnrin yìí kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá bí ẹni kọ́ṣẹ́, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Port Harcourt ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní 1949, wọ́n mú un mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀ wọn, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jack Finch sì ni kóòṣì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Aṣọ ni wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì jáde sí pápá bẹ́ẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá níbẹ̀ ni wọ́n ti na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby, nítòsí Liverpool, ní góòlù 5 sí 2. Mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí òdo nínú Oṣù Kẹwàá. Ibẹ̀ ni ìtàn ikọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Balógun padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá Peterborough United gbá bọ́ọ̀lù. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Queens Park Rangers ní London ní 1956. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù jẹun níbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 ló gbá fún QPR, góòlù 3 ló sì jẹ. Ẹni tó bá ń ka góòlù nìkan lè sọ pé kò tó nǹkan. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó bá mi lára mu jùlọ nínú ayé rẹ̀ ṣì wà níwájú nígbà náà.

Láti ìgbà Jack Finch, ọwọ́ àwọn àjèjì ni ikọ̀ Nàìjíríà sábà máa ń wà: Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Ísírẹ́lì, ọmọ Hungary. Bí ẹni pé ọmọ ilẹ̀ wa lè gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé bí a ṣe ń gbá a. Balógun, tí wọ́n kà sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó yege gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé ní 1958. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ọ̀rọ̀ àtijọ́ o. Nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù ẹ̀ka wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí ènìyàn lọ yunifásítì nítorí bọ́ọ̀lù tí à ń gbá lẹ́yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama kan láti Ìlá dé Òkè-Ìlá dé Ọ̀rà: tíṣà tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí, òun náà ni wọn yóò fi fèrè lé lọ́wọ́, ó ti di kóòṣì nìyẹn.

Ní 1968, Balógun ni kóòṣì ikọ̀ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje Òlíńpíìkì, ní ilẹ̀ Mexico. Ẹ rántí irú ọdún tí ọdún náà jẹ́. Ogun abẹ́lé ti wọ ọdún kejì, Port Harcourt tó ti kàwé sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ nínú Oṣù Karùn-ún. Ilẹ̀ ìlà-oòrùn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù pọ̀ sí ti di ojú ogun. Láàárín irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó kó ikọ̀ kan jọ, kí wọ́n sì máa jẹ́ Nàìjíríà. Japan na wọ́n ní 3 sí 1; Japan yìí náà ló gba àmì ẹ̀yẹ idẹ níkẹyìn. Spain na wọ́n ní 3 sí òdo. Ó wá ku Brazil. Ẹni tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, tí kò ní ìrètí mọ́, ìgbà míì ẹ̀rù ló máa ń kó o wọ pápá. Góòlù mẹ́ta ni àwọn ọmọ Balógun jẹ Brazil, Kenneth Ọláyọ̀mbọ̀ wà lára àwọn tó jẹ ẹ́, wọ́n sì gbá ọ̀mì 3 sí 3. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé bọ̀ wálé. Bí mo bá máa fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan wọn iṣẹ́ rẹ̀, èyí ni màá mú, n kò ní mú èyíkéyìí nínú góòlù tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ.

Ó kú ní 30 Oṣù Keje, 1972. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Sùúrùlérè, ó di 2007 kó tó parí. Ó ń gba èrò tó lé ní 24,000. Nítòsí rẹ̀ ni National Stadium wà, inú ọgbà ibẹ̀ sì ni National Institute for Sports, níbi tí àwọn kóòṣì ti ń gba ìwé ẹ̀rí.