Adégbénró: Aṣáájú tó kọ ìdìbò lọ́dún 1964, tó tún padà sídìí rẹ̀ lọ́dún 1965

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn olóṣèlú ilẹ̀ Yorùbá tó jìyà òṣèlú láyé ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó dúró láàrin iná méjèèjì, tí àwọn ọmọ ìwòyí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ mọ́. Alhaji Dauda S. Adégbénró ni. Ìgbésí ayé rẹ̀ ló sì lè là wá lọ́yẹ̀ jù lọ lórí ìbéèrè tó máa ń dìde nígbàkígbà tí ìdìbò bá ń sún mọ́, yálà ní Ẹ̀jìgbò, ní Màṣífà tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti dìbò?

Ọmọ Òwu ni l'Abẹ́òkúta, ọdún 1909 ni wọ́n sì bí i. Mùsùlùmí ni. Ọdún 1951 ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé gbígbé, lẹ́yìn náà ó di mínísítà ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ọ̀ṣun wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ àwọn káńsù agbègbè Ẹ̀jìgbò náà wà lára ohun tó ń bọ́ sábẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọdún 1962 ni ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá gbé e sójú ayé. Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ọdún náà, Ọọ̀ni Adéṣọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà, yọ Akíntọ́lá kúrò nípò olórí ìjọba, ó sì fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ìwé tí aṣòfin mẹ́rìndínláàádọ́rin fọwọ́ sí ló gbára lé. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ pàdé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà láti fìdí ìjọba tuntun múlẹ̀, àga ló ń fò lókè, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú gbogbo wọn ká. Kò pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde ìjọba pàjáwìrì, tí wọ́n sì gbé àkóso Ìwọ̀-Oòrùn lé Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí lọ́wọ́.

Ẹjọ́ ló tẹ̀ lé e. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ nílẹ̀ yìí dá Akíntọ́lá láre. Adégbénró gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti dá òun láre ní oṣù karùn-ún ọdún 1963. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti oṣù kìíní ọdún náà. Kíá ni àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin ṣe, tí wọ́n sì mú un bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ìdájọ́ náà má bàa ní agbára kankan. Ọkùnrin náà borí níwájú adájọ́, ó sì pàdánù nílé.

Ọdún 1963 náà ni wọ́n ju Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Adégbénró ni ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gbé ẹrù rẹ̀ lé lórí. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1964 ń bọ̀, ẹgbẹ́ náà darapọ̀ mọ́ NCNC ti Dókítà Michael Okpara àti àwọn mìíràn láti dá UPGA sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Akíntọ́lá wà pẹ̀lú NPC ti Àríwá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ni fífi orúkọ olùdíje sílẹ̀. Àwọn UPGA fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń lé àwọn èèyàn àwọn, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé, kí wọ́n má bàa lè fi ìwé sílẹ̀. Ní Àríwá nìkan, ó lé ní ọgọ́ta àyè tí NPC gbà láìsí alátakò. Wọ́n ní kí wọ́n sún ìdìbò síwájú, Balewa kọ̀. Ni àwọn aṣáájú UPGA bá kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìbò lọ́jọ́ ọgbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1964.

Ní Ìlà-Oòrùn, níbi tí Okpara ti ń ṣèjọba, ìdìbò kò wáyé rárá. Nílùú Èkó, ìwọ̀nba ènìyàn ló jáde. Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọwọ́ Akíntọ́lá ni ìjọba wà, àpótí ìbò sì wà níta. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kan jókòó sílé, àwọn mìíràn lọ dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Dẹ́mọ̀ mú àyè 36 nínú 57. Lóòótọ́, Ààrẹ Nnamdi Azikiwe kọ̀ láti pe Balewa fún ọjọ́ díẹ̀, orílẹ̀-èdè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà rú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1965, wọ́n dé àdéhùn, Balewa sì tẹ̀ síwájú. Nínú oṣù kẹta, wọ́n ṣe àfikún ìdìbò níbi tí kò ti wáyé, UPGA sì rí àyè rẹ̀ gbà ní Ìlà-Oòrùn. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn tó jókòó sílé kò rí ohunkóhun gbà padà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ìkọ̀sílẹ̀ kan náà ni, àṣẹ kan náà ni, àmọ́ ẹni tó ní agbára lọ́wọ́ ló jèrè rẹ̀. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ alátakò rẹ̀ kàn fi àyè sílẹ̀ fún un ni.

Ó jọ pé Adégbénró rí èyí. Nígbà tí ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn dé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 1965, kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé mọ́. Ó díje, òun sì ni UPGA fẹ́ fi ṣe olórí ìjọba. Èrú tó wà nínú ìdìbò náà burú jáì: wọ́n dènà fún àwọn olùdíje, wọ́n sì ń pààrọ̀ èsì. Adégbénró kéde pé ẹgbẹ́ òun ló borí, ó sì fẹ́ gbé ìjọba tirẹ̀ kalẹ̀, ni wọ́n bá mú un. Ìgboro gbaná, ilé ń jó, ènìyàn ń kú, èyí táa mọ̀ sí wẹtíẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá àti Balewa. Adégbénró yè é, ó sì dágbére fáyé lọ́dún 1975.

Kí wá ni ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa? Àkọ́kọ́ ni pé kíkọ ìdìbò kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Òfin Nàìjíríà kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti dìbò. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ti dá ìdíje náà láti ẹ̀yìn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ohun tí Adégbénró àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yìí ní ìdí, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ síta gbangba.

Èkejì ni pé ìkọ̀sílẹ̀ tí kò ní ohùn kò yàtọ̀ sí oorun. Lọ́dún 2018, ìbò 482 péré ni Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá fi borí Adémọ́lá Adélékè l'Ọ́ṣun. Lọ́dún 2022, Adélékè fi ìbò 28,344 gba ipò náà, nígbà tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò dìbò lé ní mílíọ̀nù kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kọ̀, nítorí àìmọye ọmọ Ẹ̀jìgbò ló wà ní Abidjan, tí òfin wa kò sì fún wọn láyè láti dìbò látibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé tó jókòó láìsọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá inú ló ń bí i tàbí oko ló lọ.

Àwọn tó wà ní Abidjan pàápàá ti rí tiwọn. Lọ́dún 1995 àti 2020, àwọn alátakò ní Côte d'Ivoire kọ ìdìbò ààrẹ. Bédié ló wọlé lẹ́ẹ̀kan, Ouattara ló wọlé lẹ́ẹ̀kejì, àwọn méjèèjì sì gbà ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìbò náà lọ.

Ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn kọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ta ni yóò gba àyè náà. Adégbénró dáhùn ìbéèrè yẹn nígbà méjì, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dọ́gba.