Ẹni tí a dárí jì
Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ páyà Olúwa yín. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Ní 1963, ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba; ní 1966, Gowon dárí jì í. Ní 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, nítorí ìjà owó-orí. Awólọ́wọ̀ tọ Tafá Adéoyè lọ sí Àkànràn. Ó gbọ́ ẹ̀hónú wọn, owó-orí sì wálẹ̀ sí £2. Ẹni tí a dárí jì kò kọ etí ikún sí igbe ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí èrò ìṣèlú sọ di ẹlẹ́wọ̀n. Kí Ọlọ́hun ṣàánú wa. Àámín.