Houphouët-Boigny: Ọkùnrin tí Èjìgbò kò bí, tó kọ́lé sí Èjìgbò

Ilé kan wà ní àdúgbò wa ní Èjìgbò tí a kò kọ́ parí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá mi àgbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú owó sẹ́fà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Treichville. Búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé, iṣẹ́ dúró. Koríko hù nínú pálọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń béèrè pé kí ló dé tí a kò parí ilé yìí. Èsì kan náà ni àwọn àgbà máa ń fún mi: Houphouët ló kú.

Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Báwo ni ikú ààrẹ orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe máa dá iṣẹ́ bíríkìlà dúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun? Àfìgbà tí mo dàgbà, tí mo ka ìtàn ọkùnrin náà, ni mo tó mọ̀ pé wọn kò parọ́ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé Èjìgbò rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ní ìlú Ògìyán yìí, tó wà láàrin Ìwó, Ẹdẹ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣòro kí ẹ tó rí agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Ivory Coast. Ẹ máa gbọ́ Faransé lọ́jà bí ẹni pé Kútọnu lẹ wà. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra níbẹ̀ tààrà lọ sí Àbíjàn, á gba Sẹ̀mẹ̀, Lọmẹ́ àti Accra kọjá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Félix Houphouët-Boigny kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì lọ́dọ̀ wa rárá.

Yamoussoukro, láàrin ẹ̀yà Baoulé, ni wọ́n bí i sí. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1905 ni àkọsílẹ̀ ìjọba fi ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Dakar, ó jáde lọ́dún 1925, ó sì ṣe iṣẹ́ dókítà fún bí ọdún 15. Ṣùgbọ́n dókítà aláwọ̀ dúdú ni, ipò rẹ̀ kò sì tó ti òyìnbó. Lọ́dún 1940 ó di olóyè ní ilé baba rẹ̀, oko kòkó àti kọfí sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Inú oko yẹn ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Faransé máa ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ lóko àwọn òyìnbó, oko aláwọ̀ dúdú á wá wà láìní òṣìṣẹ́. Kòkó òyìnbó tún ń gba owó ju ti aláwọ̀ dúdú lọ. Lọ́dún 1944, Houphouët àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tiwọn sílẹ̀. Lọ́dún 1945, wọ́n dìbò yàn án lọ sí ilé aṣòfin ní Paris. Ìgbà náà ló fi Boigny, tó túmọ̀ sí àgbò ní èdè Baoulé, kún orúkọ rẹ̀. Àgbò náà sì kàn án lóòótọ́: ní oṣù Kẹrin ọdún 1946, òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, à bá pè é ní akọni, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1950, ó já àwọn Kọ́múníìsì tó ń tì í lẹ́yìn sílẹ̀, ó sì bá Faransé rẹ́. Nígbà tó di 1956, mínísítà ni ní Paris. Lọ́dún 1957, òun àti Kwame Nkrumah ta tẹ́tẹ́ pé kí àwọn wò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bóyá Gánà ló máa lọ síwájú jù ni, àbí Ivory Coast. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó pé, sójà ti lé Nkrumah kúrò.

Ivory Coast gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, Houphouët sì jẹ́ ààrẹ títí tó fi kú. Kò lé Faransé lọ. Ó gba owó àti òṣìṣẹ́ wọn, ó di sẹ́fà mú, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó bá lè roko tàbí tajà. Lọ́dún 1963, ó kéde pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló ni ilẹ̀. Àwọn ará Burkina Faso àti Mali rọ́ wọ inú igbó kòkó. Àwọn tiwa rọ́ wọ ọjà. Fún bí ogún ọdún, ọrọ̀ ajé ibẹ̀ ń gbèrú ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lọ́dọọdún. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, wọ́n ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Gánà nínú kòkó lágbàáyé.

Ẹ má rò pé mo ń sọ ọ́ di ańgẹ́lì o. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló gbà láàyè títí di 1990. Láàrin 1963 sí 1964, ó ju ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tún padà gbà pé kò sí ọ̀tẹ̀ kankan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ó kéde pé òun mọ Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ẹ rò ó wò ná: ọmọ Nàìjíríà ni yín, ẹ ń tajà ní Àbíjàn, ẹni tó gbà yín sílé sì ń gbè sẹ́yìn àwọn tó ń bá ìjọba yín jagun.

Síbẹ̀ àwọn tiwa dúró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Bàbá mi àgbà wà lára àwọn tí wọ́n lé. Èjìgbò ni wọ́n kọ́kọ́ padà sí, kí wọ́n tó gba Àbíjàn lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti lé rí, ó mọ iyì ẹni tí kì í léni.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, ogun ti parí, Ivory Coast àti Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè 15 tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Lọ́dún 1979, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Lẹ́yìn náà ni owó kòkó já lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Lọ́dún 1981, gbèsè lé e dé ọ̀dọ̀ IMF. Nígbà tó di 1987, ó ní orílẹ̀-èdè òun kò lè san gbèsè mọ́. Ó kọ̀ láti ta kòkó, ó rò pé ọjà á bẹ òun. Ọjà kò bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1989, owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò kòkó kan já láti sẹ́fà 400 sí 200. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Póòpù wá ya ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì tó kọ́ sí Yamoussoukro sí mímọ́. Ẹnu àwọn tí ebi ń pa kò gbófo lórí ìyẹn.

Ohun kan wà tí kò gbà títí dọjọ́ ikú rẹ̀: kí wọ́n já iye sẹ́fà wálẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1993. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní Dakar, wọ́n já a. Láti 1948 ni iye rẹ̀ sí owó Faransé kò ti yí padà; ó wá di pé sẹ́fà 100 ló ń ṣe ohun tí sẹ́fà 50 ń ṣe. Owó tí bàbá mi àgbà fẹ́ fi dé ojú òrùlé di ìdajì láàrin òru kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ilé wa fi ń sọ pé Houphouët ló kú.

Owó nìkan kọ́ ló bá a lọ. Lábẹ́ rẹ̀, àjèjì tilẹ̀ máa ń dìbò. Òfin 1994 gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pé ẹni tó ro ilẹ̀ ló ni ín, òfin 1998 ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko. Ogun dé lọ́dún 2002, òmíràn tún dé lẹ́yìn ìdìbò 2010, ọ̀pọ̀ èèyàn wa sì sá padà wálé pẹ̀lú báàgì kan.

Èrò tèmi nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Houphouët ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n inú rere rẹ̀ ló fi ṣe é, kò fi òfin dì í. Inú rere ọba kì í pẹ́ lẹ́yìn ọba. Ohun tó ṣẹ́kù fún wa lónìí ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ìyẹn ECOWAS, òun náà sì ti ń fà ya: Mali, Niger àti Burkina Faso jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Tí àwọn olóṣèlú bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé ìtura ní Àbújá, ẹ má ṣe rò pé kò kàn yín. Ojú ọ̀nà ìyá ẹlòmíì ni.

Ní ti ilé wa, ó ti ní òrùlé báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àbíjàn ló parí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, sẹ́fà díẹ̀ ti ń di náírà rẹpẹtẹ. Inú gbogbo wa dùn, a pa ewúrẹ́. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, tí mo ra ìrẹsì, ni mo tó rántí ẹni tó san ìdajì owó páànù yẹn.